Ilẹ̀kùn Àtijọ́, Ọ̀dà Tuntun: Láti Ààfin Ìkẹ́rẹ́ Dé Ìbẹfun

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo gbé wá lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni à ń gbà wọ ilé, ojú ilẹ̀kùn sì ni àlejò kọ́kọ́ ń rí kí ó tó rí ojú onílé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: bí ilẹ̀kùn ìta ilé baba ẹni bá ti ṣá, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó, ṣé kí a yọ ọ́ dànù kí a ra tuntun ni, àbí kí a pe ọ̀jáfáfá oníṣẹ́ ọwọ́ kí ó wá fín ọ̀dà tuntun sí i lára? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni pẹ̀lú, nítorí ohun tí a bá yọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣòro kí ó tó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè wọ inú ìtàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tí à ń pè ní "fín". Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ ya ọnà sí ara igbá, a ní ó fín igbá. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń fi ẹwìrì fẹ́ atẹ́gùn sí iná, a ní ó ń fínná. Ẹni tí ó di ẹwìrì mú ni afínná. Ẹni tí ó ń tú oògùn ẹ̀fọn sí afẹ́fẹ́ yàrá, a ní ó ń fín oògùn. Ohùn òkè kan náà ni gbogbo wọn gbà. N kò sọ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, nítorí ohùn kan náà kì í fi dandan jẹ́ ìdílé kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti bá ọ̀rọ̀ wa mu tó: ilẹ̀kùn àwọn baba wa, ọ̀bẹ ni a fi fín in, tiwa lónìí, atẹ́gùn ni a fi ń fín in.

Ẹ tún wo "ọnà" àti "ọ̀nà". Ọnà ni iṣẹ́ tí ojú ń wò tí ọkàn ń yọ̀. Ọ̀nà ni èyí tí ẹsẹ̀ ń tọ̀. Ohùn fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n. Inú ọnà ni a ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyẹn ẹni tí ó ń gbẹ́ ọnà. Lónìí, bí a bá pe ènìyàn ní gbẹ́nàgbẹ́nà, káfíńtà tí ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ni ó sábà ń wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n orúkọ náà fúnra rẹ̀ ṣì rántí ọnà. Ní ilé àwọn ẹni ńlá láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà gan-an ni ọnà ń gbé.

Ilẹ̀kùn tí a fín ọnà sí lára kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ti ọba ni, ti ìjòyè ni, ti ojúbọ òrìṣà sì ni. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé kọ̀bì ààfin pàápàá kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè kọ́ sí ilé rẹ̀. Àmì ipò ni. Bákan náà ni ilẹ̀kùn ọlọ́nà. Pákó igi ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí irin tí a kàn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó fi ń yí bí ilẹ̀kùn òde òní. Ara pákó náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ orí kan sókè àti orí kan sísàlẹ̀. Inú ihò tí ó wà ní àtẹ́rígbà àti ní ìloro ni orí méjèèjì ti ń yí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, àfi kí ó tú ẹnu ọ̀nà ká.

Nínú àwọn tí ó gbẹ́ irú rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1938. Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, tí ó kú ní ọdún 1954, náà gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwòrán tò sí ní ìpele-ìpele: ọdẹ, ẹlẹ́ṣin, obìnrin tí ó pọn ọmọ, oníṣẹ́ ìjọba lórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn wọn ni Lámidi Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní ọdún 2009, gbé iṣẹ́ náà dé ilé ìjọsìn àti fásitì. Ìran oníṣẹ́ yìí kò já.

Kókó kan wà níbí tí a máa ń gbójú fò. Igi ọlọ́nà àtijọ́ kì í wà láìní àwọ̀. Ẹfun ń fún un ní funfun, osùn ń fún un ní pupa, aró àti èédú ń fún un ní dúdú. Mẹ́ta yìí náà ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú èdè wa: funfun, pupa, dúdú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi lè pe ewé tútù ní dúdú, tí wọ́n sì lè pe epo ní pupa. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ tí ilé iṣẹ́ Reckitt ń ṣe dé ọjà wa, àwọn ènìyàn kò kọ̀ ọ́. Wọ́n fi kun ère ìbejì. Àwọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọ iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ ilé kò sì bàjẹ́.

Àwọ̀ wọ̀nyí kì í pẹ́ títí. Òjò ń fọ̀ wọ́n, ọwọ́ ń nù wọ́n. Nítorí náà, títún kùn jẹ́ ara iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọdún Ẹ̀pà bá ń bọ̀ ní Èkìtì, wọn a tún àwọn ère orí náà kùn kí wọ́n tó jáde. Bí ọdún òrìṣà bá ń bọ̀, àwọn obìnrin a tún ògiri ojúbọ kùn. Kò sí ẹni tí ń sọ pé nítorí pé àwọ̀ ti ṣá, kí a wó ojúbọ. Ohun tí ó gbó ni a ń sọ di ọ̀tun, kí ọdún lè bá a lójú kan náà tí ó ti bá a láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ẹni tí ó tún ilẹ̀kùn rẹ̀ fín lónìí kò dá àṣà àjèjì sílẹ̀. Àṣà baba rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé, irinṣẹ́ nìkan ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn ilẹ̀kùn kan tí a pààrọ̀. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, Ọ̀gọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Ọ̀gágun Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn gbé e sí lórí. Ìpàdé ọba àti òyìnbó ni Ọlọ́wẹ̀ fi ilẹ̀kùn kọ sílẹ̀, bí òpìtàn ti ń fi ìwé kọ ọ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé kí Ọ̀gọ̀gà gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí ìtàn ìpàdé yẹn lára igi, àfi kí ó wọ ọkọ̀ òfurufú.

N kò dá Ọ̀gọ̀gà lẹ́bi. Àwọn tí ó ń bá a dúnàá-dúrà ni ìjọba wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí a bá fi tuntun gba ògbólógbòó, a máa ń rí ohun tí a gbà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kí a tó rí ohun tí a fi sílẹ̀.

Irú ilẹ̀kùn mìíràn tún ti wọ ilẹ̀ wa kí ọdún 1924 tó dé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní oṣù kìíní ọdún 1835, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn padà wálé. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Èkó, Àjàṣẹ́ àti Glẹ́húè wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894, iṣẹ́ João Baptista da Costa ni. Ilẹ̀kùn tiwọn jẹ́ awẹ́ méjì tí ó pàdé láàárín, tí a to pákó pọ̀ ní onígun-onígun, tí irin dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a sì fi ọ̀dà olóròóró kùn. Pẹ̀lú ilẹ̀kùn yìí, àwọ̀ ìta ilé kò mọ sí funfun, pupa àti dúdú mọ́. Ẹni tí ó bá ti rí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ yóò mọ bí àwọ̀ ti pọ̀ tó nínú iṣẹ́ wọn.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò tètè gba àjèjì láàyè. Kí ogun Ìmàgbọ́n tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ìjọba Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè. Lẹ́yìn ogun náà ni ìjọ Kírísítì, Ìsìláàmù, ilé ẹ̀kọ́ àti òwò tàn kálẹ̀ kíákíá. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tí ó rí owó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlànà Àgùdà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ilẹ̀kùn ìta ilé wọ̀nyí ni ohun tí mo ń sọ. Igi líle bí ìrókò, apá àti ọ̀gànwó ni wọ́n sábà ń lò, irú èyí tí igbó Ọmọ̀, tí ìjọba fi pamọ́ ní ọdún 1925, lókìkí fún. Ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìrókò jẹ. Lónìí, irú pákó fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí ó ju ilẹ̀kùn ìrókò sí orí ààtàn tí ó lọ ra ilẹ̀kùn onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ti Ṣáínà wá, igi tí kò ní lágbára láti tún rà ni ó fi dáná.

Báwo ni fífín ọ̀dà ṣe dé ọ̀rọ̀ yìí? Ní ọdún 1893, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún un pọ̀, àkókò sì ti lọ. Francis Davis Millet ni ó darí iṣẹ́ kíkùn wọn, ìtàn sì ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ fi atẹ́gùn tú ọ̀dà sí ara ilé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Duco, tí ó ń yára gbẹ tí a sì lè fín. Kíkun ọkọ̀ kan, tí ó ti ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò gba ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Sípíréyà tí ń fín ọkọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fín géètì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tí ń fún un ní atẹ́gùn, kí ni ìbá jẹ́ bí kò ṣe ẹwìrì ayé òde òní?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a pè mí sí ìpàdé ẹbí kan ní Ìbẹfun, nítorí mo jẹ́ àna wọn. Wọ́n fẹ́ tún ilé baba ńlá wọn ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tí ó ti Èkó wá, dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ilẹ̀kùn yìí ti gbó, ojú rẹ̀ kò dára mọ́. Mo ti rí onírin kan tí olè kò lè já. Èmi yóò san owó rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ọmọ rere ni, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí. Ìyá àgbà tí ó dàgbà jù níbẹ̀ ni ó dáhùn. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni mo kúnlẹ̀ sí tí bàbá wa fi súre fún mi kí n tó lọ ilé ọkọ. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi ibi tí mo kúnlẹ̀ sí hàn mí." Gbogbo ilé dákẹ́.

Olórí ẹbí wá ní kí a pe oníṣẹ́ kí ó yẹ igi náà wò kí a tó pinnu. Káfíńtà fi ìṣó gún un káàkiri. Ìsàlẹ̀ awẹ́ kan nìkan ni ó ti rọ̀. Wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n fi igi líle dí i, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tí ó lágbára sí i, kí ọ̀rọ̀ olè tí ọmọ Èkó sọ má baà ṣubú lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sípíréyà dé. Kò yára. Ó fọ ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ó fi omi àti pépà ìha ha á, ó dí àwọn ihò, ó fi bébà bo ògiri àti irin. Ó fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ó fín ọ̀dà gan-an ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìgbà òjò kò dára fún iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rinrin máa ń mú kí ọ̀dà tí ń yára gbẹ di funfun bí ẹni tí ìkùukùu bò. Ọyẹ́ náà sì ní wàhálà tirẹ̀, nítorí eruku a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún ní búrọ́ọ̀ṣì máa ń kó ọ̀dà jọ sínú kòtò ọnà títí ọnà yóò fi di, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a bá fín dáadáa ń tẹ̀ lé ojú igi bí aṣọ tí ó bá ara mu.

Bí ó ti ń ha ilẹ̀kùn náà ni ohun kan hàn. Funfun ni ó wà lókè. Àwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀, búlúù wà lábẹ́ ìyẹn, pupa rúsúrúsú sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá àgbà sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka kà á. Ó ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n òun ti Mẹ́kà dé ni wọ́n kun àwọ̀ ewé. Nígbà ìsìnkú bàbá àwọn ni wọ́n kun búlúù. Pupa ni ó bá níbẹ̀ nígbà tí ó lajú sáyé. Ìwé ìtàn ẹbí wà lójú ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè kà á. Ó wá sọ fún sípíréyà pé, "Má ha gbogbo rẹ̀ tán o." Wọ́n fi ibì kan tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo àwọ̀ náà ti hàn ní ìtẹ̀léra. Iye tí gbogbo iṣẹ́ náà ná wọn kò tó ìdajì owó ilẹ̀kùn onírin náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a máa fi ọ̀dà bo ìjẹrà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ dé inú, tí kò lè gba kọ́kọ́rọ́ mọ́, ọ̀dà kò lè gbà á là. Ewu kan tún wà: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Amẹ́ríkà fi òfin de òjé nínú ọ̀dà ilé ní ọdún 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu fún ara. Nítorí náà, kí a má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Omi ni kí a fi ha á. Kí oníṣẹ́ bo imú àti ẹnu, kí a kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí a sì palẹ̀ eruku náà mọ́ dáadáa. Àṣà tí ó bá pa ọmọ lára kì í ṣe àṣà tí a ń gbé lárugẹ.

Àwọn kan ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ilé tí iná jó ni ó ń bá wí. Kò ní kí a máa fi ọwọ́ ara wa dáná sun ilé. Ní Èkó, Ilé Ìlọ́jọ̀ tí àwọn Àgùdà kọ́ ní gbàgede Tinúubú ní ọdún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni a wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Kò sí ọ̀dà tí a lè fín sí ilé tí kò sí mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan ara ilẹ̀kùn ní ẹ̀ka èdè yín: àtẹ́rígbà, ìloro, ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn, ihò tí orí ilẹ̀kùn ń yí sí. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí irin tí a rà lọ́jà bá gba ipò igi, orúkọ tí igi náà ń jẹ́ máa ń bá a lọ ni. Ẹni tí ó tún ilẹ̀kùn fín, ó dá ojú ilé padà, ó sì dá ọ̀rọ̀ mélòó kan sí lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀.